Orí Kẹfà: Ọ̀rọ̀ Iye Pẹ̀lú Ọ̀rọ̀-Orúkọ Aṣeékà àti Aláìṣeékà Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ohun tí a fẹ́ kọ́

Nígbà tí a bá parí orí yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè:

- ya ọ̀rọ̀-orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń kà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kì í kà;
- yan ọ̀rọ̀ iye tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mu;
- sọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin “few” àti “a few”, àti láàrin “little” àti “a little”;
- lo ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n láti ka ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kì í kà ní tààrà.

Nínú orí yìí, ohun tí a ń pè ní ọ̀rọ̀ iye ni ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí nǹkan ṣe pọ̀ tó tàbí bó ṣe kéré tó.

6.1 Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú

Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí: “Ọmọ púpọ̀ wà níta.” “Iyanrìn púpọ̀ wà níta.” Púpọ̀ kan náà ló tẹ̀lé ọmọ, òun náà ló tẹ̀lé iyanrìn. Bẹ́ẹ̀ ni díẹ̀ ṣe rí: ìwé díẹ̀, omi díẹ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ fúnra rẹ̀ kì í sì yí padà. À ń sọ pé ìwé kan, ìwé mẹ́ta, ìwé ọgọ́rùn-ún. Ìwé kò di nǹkan mìíràn.

Ní Gẹ̀ẹ́sì, “many children” ni a ń sọ, ṣùgbọ́n “much sand”. “A few books”, ṣùgbọ́n “a little water”. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fi gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè kan kó tó yan ọ̀rọ̀ iye: ṣé Gẹ̀ẹ́sì ń ka ọ̀rọ̀-orúkọ yìí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àbí kì í kà á? Èdè tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà kì í fi dandan lé e pé kí ọ̀rọ̀ iye yí padà, nítorí náà ó rọrùn láti gbàgbé ìbéèrè náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe wa ti ń wá.

Síbẹ̀, a mọ ìyàtọ̀ náà dáadáa. Tí ìyá onígàrí bá béèrè lọ́jà pé, “Mélòó ni kí n wọ̀n?”, oníbàárà mọ̀ pé kóńgò ló ń bi òun. Kò sẹ́ni tó máa rò pé hóró gàrí ni wọ́n fẹ́ kà. Ìmọ̀ yìí gan-an ni a máa gbé wọ inú Gẹ̀ẹ́sì.

6.2 Bí a ṣe ń dá aṣeékà àti aláìṣeékà mọ̀

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè fi dán ọ̀rọ̀-orúkọ wò.

(i) Ṣé ó lè gba “a” tàbí “an” níwájú? “A chair” dára. “A furniture” kò dára.

(ii) Ṣé ó ní ìrísí ọ̀pọ̀? “Chairs” wà, “children” wà. “Furnitures” kò sí.

(iii) Ṣé òǹkà lè wà níwájú rẹ̀ ní tààrà? “Three chairs” dára. “Three furnitures” kò dára.

Ọ̀rọ̀ tó bá yege nínú ìdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ aṣeékà. Èyí tí kò bá yege jẹ́ aláìṣeékà.

Ẹ kíyè sí i pé àga, tábìlì àti ibùsùn tí a lè fọwọ́ kà ni “furniture” ń tọ́ka sí. Ohun náà ṣeé kà, ọ̀rọ̀ náà ni kò ṣeé kà. Ìlànà tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú orí yìí nìyẹn: ẹ má fi ojú wo ohun tí ọ̀rọ̀ ń tọ́ka sí nìkan, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ṣe nínú gbólóhùn. A máa ń ka owó lójoojúmọ́, síbẹ̀ “money” jẹ́ aláìṣeékà. “Naira”, “coin” àti “note” ni Gẹ̀ẹ́sì ń kà. Ẹ wo àwọn méjì-méjì wọ̀nyí, tí ìtumọ̀ wọn sún mọ́ra ṣùgbọ́n tí ìwà wọn yàtọ̀:

| Aṣeékà | Aláìṣeékà |
|---|---|
| a suitcase, suitcases | luggage |
| a suggestion, suggestions | advice |
| a job, jobs | work |
| a fact, facts | information |
| a machine, machines | equipment |
| a vehicle, vehicles | traffic |
| an assignment, assignments | homework |
| a loaf, loaves | bread |

Ilé ìdáná náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ìrẹsì àti ẹ̀wà, hóró ni àwọn méjèèjì, a sì lè sè wọ́n pọ̀ nínú ìkòkò kan. Ṣùgbọ́n “rice” jẹ́ aláìṣeékà, nígbà tí “beans” jẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ aṣeékà. Nítorí náà, “too much rice” ni a ń sọ, ṣùgbọ́n “too many beans”. “The rice is ready”, ṣùgbọ́n “the beans are ready”. Àlùbọ́sà jẹ́ aṣeékà: “two onions”. Ááyù, tó jọ ọ́ ní ìrísí, jẹ́ aláìṣeékà: “garlic”. Kò sí ìrònú tó lè fi èyí hàn wá láìjẹ́ pé a kọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí.

Ìwé atúmọ̀ èdè ni olùrànlọ́wọ́ wa níbí. Ní ọdún 1942, ní ìlú Tokyo, A. S. Hornby àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé ìwé atúmọ̀ èdè kan jáde fún àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn. Ìwé náà ló wá di *Oxford Advanced Learner's Dictionary*. Nínú irú ìwé atúmọ̀ bẹ́ẹ̀, lẹ́tà C dúró fún ọ̀rọ̀ aṣeékà, lẹ́tà U sì dúró fún aláìṣeékà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wo lẹ́tà yìí nígbàkígbà tó bá ṣí ìwé náà yóò kọ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àti ìwà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

6.3 Ọ̀wọ́ mẹ́ta ọ̀rọ̀ iye

| Pẹ̀lú aṣeékà nìkan | Pẹ̀lú aláìṣeékà nìkan | Pẹ̀lú méjèèjì |
|---|---|---|
| many | much | a lot of |
| few, a few | little, a little | some, any |
| fewer | less | more, most |
| several, both | a great deal of | enough, plenty of |
| a number of | an amount of | all, no |

Tí ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́ kẹta bá wà níwájú aṣeékà, ìrísí ọ̀pọ̀ ni aṣeékà náà sábà máa ń ní: “some books”, “enough chairs”, “most farmers”. Tó bá wà níwájú aláìṣeékà, ọ̀rọ̀-orúkọ náà kò ní yí padà: “some water”, “enough time”, “most work”.

“Each” àti “every” yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ aṣeékà ni wọ́n ń bá rìn, ṣùgbọ́n ní ìrísí ẹyọ: “every student has a book”. Ẹ má kọ “every students”. Lẹ́yìn “each of” àti “one of”, ìrísí ọ̀pọ̀ ló yẹ, nítorí pé inú ọ̀pọ̀ ni a ti ń mú ẹyọ kan: “one of my friends is a tailor”. Ọ̀rọ̀-ìṣe “is” bá “one” mu, “friends” sì jẹ́ ọ̀pọ̀. “One of my friend” jẹ́ àṣìṣe tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún gidigidi.

6.4 “Many” àti “much”

“Many” ń bá ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ aṣeékà rìn, “much” ń bá aláìṣeékà rìn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kù lórí “much”. Nínú gbólóhùn ìbéèrè àti ti ìyísódì ni ó ti wọ́pọ̀ jù:

- “Is there much traffic on the road?”
- “We do not have much time.”

Nínú gbólóhùn tí kò ní ìyísódì, “a lot of” ló máa ń dùn létí jù: “We have a lot of time.” Bí ẹnìkan bá sọ pé “We have much time”, yóò yé wa, ṣùgbọ́n kò dún bí ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́. Tí “too”, “so” tàbí “as” bá ṣáájú, “much” bá gbólóhùn èyíkéyìí mu: “too much salt”, “so much noise”.

Fún ìbéèrè, “how many” ń wá iye ẹyọ, “how much” ń wá ìwọ̀n. “How much” náà ni a fi ń béèrè iye owó, nítorí pé “money” jẹ́ aláìṣeékà. Èyí bá ìyàtọ̀ tí Yorùbá ń ṣe láàrin mélòó àti èló mu:

- “How many fish do you want?” Ẹja mélòó lẹ fẹ́?
- “How much is this fish?” Èló ni ẹja yìí?

6.5 “Few” àti “a few”. “Little” àti “a little”

Lẹ́tà kan ṣoṣo, “a”, ló wà láàrin wọn, ṣùgbọ́n ó lè yí èrò gbólóhùn padà pátápátá. “A few” àti “a little” ń sọ pé nǹkan wà, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀. “Few” àti “little” ń sọ pé nǹkan náà kò tó, tàbí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí.

- “She has a few friends in Osogbo.” Ó ní ọ̀rẹ́ díẹ̀ ní Òṣogbo.
- “She has few friends in Osogbo.” Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Òṣogbo kò tó nǹkan.

Iye ọ̀rẹ́ inú gbólóhùn méjèèjì lè jẹ́ bákan náà. Ojú tí olùsọ̀rọ̀ fi ń wò ó ló yàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Bí awakọ̀ bá sọ pé “There is a little fuel in the tank”, a lè fọkàn balẹ̀ pé a ó dé ilé epo. Bó bá sọ pé “There is little fuel in the tank”, ìkìlọ̀ ni. Kí a tètè wá ilé epo tó súnmọ́ tòsí. Ẹni tó bá ń kọ ìròyìn iṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí pẹ̀lú. “We have made a little progress” ń sọ pé iṣẹ́ ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. “We have made little progress” ń sọ pé iṣẹ́ kò tíì kúrò lójú kan. Tí òǹkọ̀wé bá gbàgbé “a”, ọ̀gá lè rò pé gbogbo ọ̀sẹ̀ náà lọ lásán.

Ẹ kíyè sí “quite a few” dáadáa. Ó dà bí ẹni pé ó túmọ̀ sí ìwọ̀nba, ṣùgbọ́n ohun tó pọ̀ díẹ̀ ló ń tọ́ka sí. “Quite a few people came” túmọ̀ sí pé èèyàn wá dáadáa.

6.6 “Fewer” àti “less”

Nínú Gẹ̀ẹ́sì ìwé, “fewer” ni fún ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ aṣeékà, “less” ni fún aláìṣeékà: “fewer buses”, “less traffic”, “fewer mistakes”, “less trouble”. Láti ayébáyé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo “less” fún méjèèjì. Ní ọdún 1770, Robert Baker kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun fara mọ́ “fewer” ju “less” lọ níwájú ohun tí a lè kà. Ohun tó sọ gẹ́gẹ́ bí èrò tirẹ̀ di òfin lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ tó tẹ̀lé e. Títí dòní, ẹ ó gbọ́ “less people” lẹ́nu àwọn tó ni èdè náà, ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà iṣẹ́, àròkọ àti ìdánwò, “fewer people” ni kí ẹ kọ.

Ibì kan wà tí “less” ti ń ṣáájú òǹkà láìsí ẹ̀bi: nígbà tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti owó, àkókò tàbí ìrìn. “Less than five hundred naira”, “less than three hours”, “Ibadan is less than 200 kilometres from Lagos”. Ìdí ni pé a kò ka kìlómítà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ni a kà sí ìwọ̀n kan ṣoṣo.

6.7 “Number” àti “amount”

“Number” ń lọ pẹ̀lú ohun tí a ń kà, “amount” ń lọ pẹ̀lú ohun tí a ń wọ̀n: “a large number of people”, “a large amount of money”. “A large amount of people” kò bá Gẹ̀ẹ́sì ìwé mu.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń tẹ̀lé “number” tún nílò àfiyèsí:

- “A number of traders have left.” Àwọn oníṣòwò kan ti lọ. Àwọn oníṣòwò ni olùwà, nítorí náà ọ̀rọ̀-ìṣe jẹ́ ti ọ̀pọ̀.
- “The number of traders has fallen.” Iye àwọn oníṣòwò ti dín kù. Iye ni olùwà, ẹyọ kan sì ni iye.

6.8 Bí a ṣe ń ka ohun tí kì í ṣeé kà

Bí a bá fẹ́ fi òǹkà sí ọ̀rọ̀ aláìṣeékà, a ó wá ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n fún un. Yorùbá ti kọ́ wa ní èyí tẹ́lẹ̀: àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta, igo epo pupa méjì, ife omi kan. Gẹ̀ẹ́sì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀:

- “a bag of cement”, “a tin of milk”, “a bottle of palm oil”, “a cup of rice”
- “a loaf of bread”, “a slice of bread”, “a bar of soap”, “a sheet of paper”
- “a grain of rice”, “a drop of water”, “a pinch of salt”
- “a piece of advice”, “a piece of information”, “a piece of furniture”, “a piece of equipment”, “a piece of news”

Ohun méjì ni kí a rántí. Àkọ́kọ́, òǹkà ń ṣáájú ní Gẹ̀ẹ́sì, kì í gbẹ̀yìn bíi ti Yorùbá. Èkejì, òṣùwọ̀n ló ń gba àmì ọ̀pọ̀, ohun tí a wọ̀n kì í gbà á. “Three bags of cement” ló tọ̀nà. “Three bag of cements” gbé àmì náà sí ibi tí kò yẹ.

6.9 Ọ̀rọ̀ tó ń ṣe méjèèjì

Àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ kan jẹ́ aṣeékà ní ìtumọ̀ kan, wọ́n sì jẹ́ aláìṣeékà ní ìtumọ̀ mìíràn. Ọ̀rọ̀ iye tó bá ṣáájú ló máa ń fi èyí tí a ní lọ́kàn hàn.

- “There are many chickens in the yard” ń sọ nípa adìyẹ tó ń rìn kiri. “There is not much chicken in the stew” ń sọ nípa ẹran adìyẹ.
- “We do not have much time” ń sọ nípa àkókò. “I have told you many times” ń sọ nípa iye ìgbà.
- “She has a lot of experience” ń sọ nípa ìmọ̀ tí iṣẹ́ fi kọ́ni. “She had many strange experiences” ń sọ nípa àwọn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i.
- “There is a lot of work to do” ń sọ nípa iṣẹ́ ṣíṣe. “I have read several works by Wole Soyinka” ń sọ nípa ìwé tí òǹkọ̀wé kọ.
- “Her hair is long” ń sọ nípa gbogbo irun orí. “There is a hair in my soup” ń sọ nípa fọ́nrán irun kan ṣoṣo.

6.10 Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàrin wa

Ẹ ó gbọ́ àwọn gbólóhùn apá òsì yìí ní ọ́fíìsì, ní ibùdókọ̀, àti lórí rédíò pàápàá. Nítorí pé a ń gbọ́ wọn lemọ́lemọ́, etí wa ti gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ìwé ni wọ́n ń wò nínú ìdánwò WAEC àti JAMB, òun náà sì ni agbanisíṣẹ́ ń retí nínú lẹ́tà.

| Kò tọ̀nà | Ó tọ̀nà |
|---|---|
| I need more informations. | I need more information. |
| Where are your luggages? | Where is your luggage? |
| We bought new equipments. | We bought new equipment. |
| I have a good news. | I have some good news. |
| The news are bad. | The news is bad. |
| The bank has many staffs. | The bank has many members of staff. |
| The police has come. | The police have come. |

“News” parí pẹ̀lú “s”, síbẹ̀ aláìṣeékà ni, ọ̀rọ̀-ìṣe ẹyọ ló ń gbà. “Police” kò ní “s”, síbẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe ọ̀pọ̀ ló ń gbà, bíi “people”. Ìparí ọ̀rọ̀ nìkan kò tó láti fi ṣèdájọ́.

Àkópọ̀

Kọ́kọ́ béèrè bóyá ọ̀rọ̀-orúkọ náà jẹ́ aṣeékà. Bó bá jẹ́ aṣeékà, yan nínú “many”, “few”, “a few”, “fewer”, “several”, kí o sì fi ọ̀rọ̀-orúkọ sí ìrísí ọ̀pọ̀. Bó bá jẹ́ aláìṣeékà, yan nínú “much”, “little”, “a little”, “less”, kí o má fi “s” kún un. Bí ó bá ṣòro láti pinnu nígbà tí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu, “a lot of”, “some” àti “enough” bá méjèèjì mu. Bí o bá fẹ́ ka aláìṣeékà, wá òṣùwọ̀n rẹ̀. Nígbàkígbà tí o bá kọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tuntun, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ iye kan tó bá a mu. Ìwà rẹ̀ yóò sì mọ́ ọ lára pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀.

Ìdánrawò

*A. Yan èyí tó tọ̀nà.*

1. How ____ rice do we need for the guests? — many / much
2. How ____ beans are left in the pot? — many / much
3. She came early, so she had ____ minutes to read her notes. — few / a few
4. There was ____ hope, so the people went home. — little / a little
5. ____ students registered this year than last year. — Fewer / Less
6. The number of buses ____ increased. — has / have
7. Every ____ must bring a pen. — candidate / candidates
8. They carried five ____ to the site. — bag of cements / bags of cement

*B. Tún àwọn gbólóhùn yìí kọ kí wọ́n lè tọ̀nà.*

1. My uncle gave me many advices.
2. One of my friend lives in Abeokuta.
3. The furnitures in the hall are old.
4. We have much problems in this town.

*D. Sọ àwọn gbólóhùn yìí ní Gẹ̀ẹ́sì.*

1. Owó díẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi.
2. Ìwé tó wà nínú ilé náà kò tó nǹkan.
3. Àpò ìrẹsì mẹ́ta ni mo rà.

Ìdáhùn

*A.* 1. much. 2. many. 3. a few, ó ráyè ka ìwé rẹ̀, nítorí náà ìṣẹ́jú díẹ̀ wà. 4. little, ìrètí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lọ. 5. Fewer. 6. has, iye ni olùwà. 7. candidate. 8. bags of cement.

*B.* 1. My uncle gave me a lot of advice. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìmọ̀ràn náà lè kọ “many pieces of advice”. 2. One of my friends lives in Abeokuta. 3. The furniture in the hall is old. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀-ìṣe náà yí padà. 4. We have many problems in this town. “A lot of problems” náà tọ̀nà.

*D.* 1. I still have a little money. 2. There are few books in the house. 3. I bought three bags of rice.